Kí ẹ tó ra kálámù fún tábúlẹ́ẹ̀tì yín: ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ nídìí iṣẹ́ ìwọnlẹ̀ ní Ẹ̀pẹ́

Ìbéèrè tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń wá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ wa máa ń tètè bi mí, ìbáà ṣe àwọn tó ti Ẹ̀ka Ìmọ̀ Ẹ̀rọ Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó tó wà níbí ní Ẹ̀pẹ́ wá, ìbáà ṣe àwọn tó ti ọ̀nà jíjìn wá, ni pé kálámù wo ló dára jù fún tábúlẹ́ẹ̀tì. Wọ́n ń rí wa ní sáìtì tí a ń fa ìlà sórí pílánì ilẹ̀, tí a ń kọ ìwọ̀n sí ẹ̀gbẹ́ ìlà náà, wọ́n sì gbà pé inú kálámù ni gbogbo ọgbọ́n iṣẹ́ náà wà. Èsì mi kì í yí padà: ẹ kọ́kọ́ sọ irú tábúlẹ́ẹ̀tì tí ẹ ní fún mi ná. Ẹ̀yin àbúrò mi, tábúlẹ́ẹ̀tì ló ń yan kálámù, kì í ṣe ẹni tó lówó lọ́wọ́. Ẹni tó bá ti mọ ohun tó wà lábẹ́ díńgí tábúlẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ti parí ìdajì iṣẹ́ kó tó dé ìsọ̀. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n lè san owó ńlá fún kálámù tí kò ní fa ìlà kan ṣoṣo.

Ojú tábúlẹ́ẹ̀tì òde òní kò mọ̀ pé a tẹ òun; ìyípadà iná mànàmáná ló mọ̀. Abẹ́ díńgí náà ni wọ́n tẹ́ àwọn ìlà tín-ín-rín kan sí, tí ojú kò lè rí, tí iná díẹ̀ sì wà nínú wọn. Nítorí pé iná lè gba ara ènìyàn kọjá, bí ìka bá ti kan díńgí báyìí, ìwọ̀n iná ojú ibẹ̀ á yí padà, ẹ̀rọ á sì fi ìyẹn mọ ibi tí ìka náà wà. Ìdí nìyí tí ìdérí báírò, èékánná gbígbẹ, tàbí ìka tó wà nínú ìbọ̀wọ́ iṣẹ́ kì í fi í ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀, bó ti wù kí a tẹ̀ ẹ́ tó. Ti àwọn ẹ̀rọ àtijọ́ yàtọ̀. Awọ méjì ló wà lójú wọn, títẹ̀ tí a bá tẹ̀ ẹ́ ló ń mú kí awọ òkè kan ti ìsàlẹ̀, nítorí náà igi ṣiṣẹ́ níbẹ̀, ike náà ṣiṣẹ́. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ GPS àfọwọ́mú tí àwọn ọ̀gá wa lò nígbà kan jẹ́ irú èyí, òun ló fà á tí ẹ fi lè bá kálámù ike tẹ́ẹ́rẹ́ nínú àpótí wọn. Ẹ fi í sílẹ̀ níbẹ̀. Kò ní ṣe nǹkan kan lórí tábúlẹ́ẹ̀tì tiyín.

Kálámù tí owó rẹ̀ kéré jù lọ́jà ni èyí tó ní rọ́bà dúdú rìbìtì lẹ́nu. Kò ní bátìrì, kò ní ẹ̀rọ kankan nínú. Ó kàn ń so ara yín pọ̀ mọ́ díńgí nípasẹ̀ rọ́bà rẹ̀, kí tábúlẹ́ẹ̀tì lè gbà pé ìka ló kàn án. Nítorí pé ìka ló ń ṣojú fún, ẹnu rẹ̀ gbọ́dọ̀ fẹ̀, ó sì sábà máa ń wà láàárín mìlímítà 5 sí 8. Bí wọ́n bá ṣe é ní tín-ín-rín bíi ti báírò, ọ̀pọ̀ tábúlẹ́ẹ̀tì kò ní rí i rárá. Òmíràn wà tó ní ike pẹlẹbẹ mímọ́ gaara lẹ́nu, tí ẹ fi lè rí ibi tí ṣóńṣó rẹ̀ bọ́ sí. Ó sàn ju ti rọ́bà lọ díẹ̀, àmọ́ ìdílé kan náà ni wọ́n: tábúlẹ́ẹ̀tì kò lè mọ ìyàtọ̀ láàárín àtẹ́lẹwọ́ yín àti kálámù náà, nítorí náà ẹ ní láti gbé ọwọ́ kúrò lórí díńgí ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá ń kọ̀wé, èyí tó máa ń mú kí ìkọ̀wé ẹni gbọ̀n.

Mi ò kórìíra kálámù rọ́bà. Ẹni tó fẹ́ fọwọ́ sí ìwé ẹrù, tó fẹ́ ṣí ojú ìwé, tàbí tó fẹ́ fa ìlà pupa yí ibì kan ká lórí fọ́tò kò nílò ju bẹ́ẹ̀ lọ, kí ó fi owó tó kù ṣe nǹkan mìíràn. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tiwa kún fún àmì kéékèèké tí ìtumọ̀ wọn wúwo. Ẹ wo pulọ́ọ̀tì ilẹ̀ kan tí ìbú rẹ̀ jẹ́ mítà 18, tí gígùn rẹ̀ jẹ́ mítà 36, tí gbogbo rẹ̀ sì jẹ́ mítà 648 níbùú lóròó. Bí ìbú náà bá jẹ́ 18.5 ní tòótọ́, tí ẹnu kálámù tó fẹ̀ kò sì jẹ́ kí àmì tó wà láàárín 8 àti 5 yọ, 185 ni ẹni tó wà ní ọ́fíìsì yóò kà. Ó lè rí i pé nǹkan kò dọ́gba, ó sì lè má rí i. Bákan náà ni àmì kékeré tí a fi ń ya ìyí, ìṣẹ́jú àti ìṣẹ́jú-àáyá sọ́tọ̀ nígbà tí a bá ń kọ igun. Orúkọ ẹbí tó ni ilẹ̀ náà sì tún wà níbẹ̀, pẹ̀lú àmì ìsàlẹ̀ àti àmì òkè rẹ̀. Títa kálámù fẹ́rẹ́ mọ́ díńgí láti fi àmì sábẹ́ Ọ tàbí Ẹ ni ohun tí kálámù rọ́bà kò lè ṣe dáadáa, nítorí pé ẹ gbọ́dọ̀ tẹ̀ ẹ́ kí rọ́bà náà tó tẹ́jú tó kí tábúlẹ́ẹ̀tì lè rí i. Mo ti rí ìwé tí gbogbo àmì ìsàlẹ̀ inú rẹ̀ di ìlà gbọọrọ.

Ẹ jẹ́ kí a wá dé orí àwọn kálámù tó ní ẹ̀rọ nínú. Èyí tí mo fẹ́ràn jù ní sáìtì ni irú tí Samsung ń pè ní S Pen, tí ìmọ̀ rẹ̀ wá láti ọ̀dọ̀ Wacom, ilé iṣẹ́ kan ní Japan. Awọ kan wà lábẹ́ ojú tábúlẹ́ẹ̀tì náà tó ń ta agbára òòfà sókè. Wáyà rìbìtì tó wà nínú kálámù gba agbára náà, ó sì fi í dá èsì padà, nítorí náà kálámù yìí kò nílò bátìrì láti kọ̀wé. Àwọn kan nínú S Pen ní bátìrì kékeré, àmọ́ ti Bluetooth ni, láti fi bọ́tìnì rẹ̀ ya fọ́tò láti òkèèrè tàbí láti fi yí ojú ìwé padà; bí ó bá tilẹ̀ kú, ẹ óò ṣì máa kọ̀wé lọ. Awọ abẹ́ yẹn gan-an ni kí ẹ bèèrè, kì í ṣe orúkọ Samsung. Galaxy Tab S6 Lite tó jáde ní 2020 ní in, kálámù rẹ̀ sì wà nínú páálí. Galaxy Tab S5e tó jáde ní 2019 kò ní in, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú Galaxy Tab A kò ní in. Lórí èyí tí kò ní in, S Pen kò yàtọ̀ sí igi. Àǹfààní mìíràn ni pé àwọn ilé iṣẹ́ tó ń ṣe gègé àti pẹ́ńsù láti ọjọ́ pípẹ́, bíi Staedtler àti LAMY ti Jámánì, ń ṣe kálámù tó ń bá awọ yìí ṣiṣẹ́, tó sì nípọn tó láti dì mú fún wákàtí pípẹ́, nítorí pé S Pen tó ń wọ inú fóònù tẹ́ẹ́rẹ́ jù fún ọwọ́ àgbà.

Ti Apple, tí wọ́n ń pè ní Apple Pencil, ni ó máa ń da àwọn ènìyàn rú jù, nítorí pé gbogbo rẹ̀ funfun, ó sì jọra. Èyí àkọ́kọ́ jáde ní 2015 pẹ̀lú iPad Pro, inú ihò Lightning iPad ni a sì ń fi sí láti gba iná. Ìran kejì jáde ní 2018, ó ń lẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ iPad. Èyí tó ń lo USB-C jáde ní 2023, owó rẹ̀ kéré sí ti àwọn yòókù, àmọ́ kì í mọ̀ bóyá ọwọ́ yín le tàbí ó rọ̀ lórí díńgí. Apple Pencil Pro tẹ̀ lé e ní 2024. Ẹ má ṣe rò pé tuntun yóò bá ti àtijọ́ lọ, tàbí pé ti àtijọ́ yóò bá tuntun: iPad Pro ti 2024 kì í gba ìran kejì, bẹ́ẹ̀ ni iPad Pro ti 2018 kì í gba Pencil Pro. Bí ẹ bá fẹ́ ra iPad tòkúnbọ̀ àti kálámù rẹ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ẹ kọ nọ́ńbà àwòṣe tó wà lẹ́yìn iPad náà sílẹ̀, kí ẹ sì wò ó lójú ìwé Apple fúnra wọn kí ẹ tó dé Computer Village ní Ìkẹjà. Àwọn kálámù tí ilé iṣẹ́ mìíràn ń ṣe fún iPad tó jáde láti 2018, bíi Logitech Crayon, wà pẹ̀lú. Wọ́n mọ àtẹ́lẹwọ́ yàtọ̀, wọ́n sì ń fa ìlà tó mọ́, ohun tí wọn kò sábà ní ni ìmọ̀lára líle ọwọ́.

Ẹni tó ń lo Surface ti Microsoft yóò wá èyí tí wọ́n kọ MPP (ìlànà kálámù ti Microsoft) sí, tí HP, Dell àti ASUS náà ń ṣe. Ẹni tó ní Chromebook, kọ̀ǹpútà alágbèéká tó ń lo ètò Google, yóò wo bóyá ó ń gba USI, ìlànà tí ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ dá sílẹ̀ ní 2015 kí kálámù kan lè bá oríṣiríṣi ẹ̀rọ ṣiṣẹ́. Mi ò ní sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ lórí àwọn méjèèjì, nítorí pé ẹ kò ní rí wọn púpọ̀ ní sáìtì wa.

Òjò àti òógùn ni mo fi yan tèmi. Ẹni tó bá ti dúró ní etí ọ̀sà tàbí lọ́nà Pókà láàárọ̀ ọjọ́ òjò mọ̀ pé omi yóò kán sórí díńgí, bí a bá tilẹ̀ gbé agbòjò. Omi ń gba iná kọjá, nítorí náà ẹ̀kán omi lè dà bí ìka lójú tábúlẹ́ẹ̀tì: yóò ṣí ohun tí ẹ kò ṣí, yóò sì fa ìlà tí ẹ kò fà. Ọ̀nà òòfà tí S Pen ń gbà kò bìkítà fún omi, ó sì ń kọ̀wé lórí díńgí tó tutù, pàápàá bí ẹ bá pa ìfọwọ́kàn ìka nínú áàpù tí ẹ ń lò. Àmọ́ òòfà kan náà ni àléébù rẹ̀. Àpò tábúlẹ́ẹ̀tì tí òòfà wà nínú ìdérí rẹ̀ lè mú kí ìlà yín máa tẹ̀ ní apá kan. Bí ẹ bá rí i pé ìlà kì í tọ́ ní igun kan péré, ẹ yọ àpò náà kúrò kí ẹ tó bú kálámù.

Nípa ìpele líle ọwọ́ tí àwọn oníṣòwò máa ń kígbe rẹ̀, 4096 tàbí 8192, èrò mi ni pé ayàwòrán tó ń kun àwòrán ènìyàn ló nílò rẹ̀. Ìlà orí pílánì gbọ́dọ̀ nípọn bákan náà láti òpó ààlà kan dé èkejì, mo sì máa ń pa ìmọ̀lára yẹn nínú áàpù kí ó má baà da iṣẹ́ rú. Ohun mẹ́ta ni kí ẹ fi owó yín lé: kí tábúlẹ́ẹ̀tì mọ àtẹ́lẹwọ́ yàtọ̀ sí kálámù, kí ìlà jáde ní ibi tí ẹnu kálámù gbé kàn, kí àmì kékeré má sì sọnù. Ti ẹ̀kejì kò sí lọ́wọ́ kálámù nìkan. Nínú àwọn tábúlẹ́ẹ̀tì kan, bíi iPad ìran kẹsàn-án àti ìkẹwàá, àlàfo wà láàárín díńgí àti àwòrán abẹ́ rẹ̀, ìlà á sì dà bí ẹni pé ó jìnnà díẹ̀ sí ẹnu kálámù. Ọwọ́ yóò mọ́ ọn lára, ṣùgbọ́n kálámù olówó ńlá kò lè wò ó sàn.

Bí ẹ bá dé ìsọ̀, ẹ má ṣe kọ orúkọ yín lásán, nítorí pé gbogbo kálámù ló lè kọ orúkọ. Ẹ fi rúlà lélẹ̀ ní ìdábùú láti igun kan sí èkejì, kí ẹ sì fa ìlà pẹ̀lú rẹ̀ jẹ́jẹ́. Kálámù tí kò dára yóò fa ìlà tó ń gbọ̀n bí omi, bẹ́ẹ̀ ni tí a bá sáré fa ìlà yẹn ni àṣìṣe rẹ̀ kò ní hàn. Ẹ gbé gbogbo àtẹ́lẹwọ́ lé díńgí, kí ẹ kọ gbólóhùn kan tó ní àmì ìsàlẹ̀ púpọ̀ pẹ̀lú nọ́ńbà bíi 18.52 àti 127.36, ní ìwọ̀n lẹ́tà tí ẹ máa ń lò lórí ìwé. Ẹ tún ṣe é ní etí díńgí. Oníṣòwò tó bá ní kí ẹ má fọwọ́ kan án títí ẹ ó fi sanwó, ẹ lọ sí ìsọ̀ kejì.

Tí kálámù yín bá ní bátìrì, ẹ má ṣe jẹ́ kó kú pátápátá kí ẹ sì pa á tì fún oṣù púpọ̀, nítorí pé àwọn bátìrì kékeré yìí lè kọ̀ láti gba iná mọ́. Apple Pencil àkọ́kọ́ ń gba iná tó lè lò fún bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú láàárín ìṣẹ́jú-àáyá 15, èyí sì wúlò fún ẹni tí kò ní iná tó dúró, àmọ́ tábúlẹ́ẹ̀tì fúnra rẹ̀ ló ń fún un ní iná náà. Ẹnu kálámù ike pẹ̀lú máa ń jẹ díẹ̀díẹ̀, ó sì ń tètè jẹ lórí fíìmù tó ń mú díńgí dà bíi pépà. Ẹ ra ẹnu mìíràn pamọ́ nígbà tí ẹ bá ń ra kálámù. Bí irin inú rẹ̀ bá ti fẹ́ yọjú, ẹ pààrọ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ náà, nítorí pé irin yóò ha díńgí, díńgí tábúlẹ́ẹ̀tì sì wọ́n ju ẹnu kálámù lọ fíìfíì.