Owó Ló Ba Artifact Lórúkọ Jẹ́: Ẹ̀kọ́ Tí Mo Kọ́ ní Kàbà

Òkun o, ẹ̀yin ará ilé. Ọ̀rọ̀ yìí ṣì gbóná lára mi, ẹ má retí kí n rọra sọ ọ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ràn géèmù káàdì bíi tèmi, ẹ ṣáà mọ bó ṣe máa ń rí. Èèyàn á rí èyí tó wù ú, á fi han ẹgbẹ́, ẹgbẹ́ á lọ wo ohun tí ayé sọ nípa rẹ̀, wọ́n á ní “èyí ti kú.” Artifact, géèmù káàdì orí kọ̀ǹpútà, ni tèmi.

Ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń tún lápútọ́ọ̀pù ṣe, tí mo sì ti ń tẹ ìwé fún àwọn ọmọ iléèwé, ni àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò máa ń kóra jọ sí tí iná bá lọ, torí jẹnẹrétọ̀ mi. Alẹ́ Sátidé kan báyìí, mo ní kí n fi Artifact hàn wọ́n. Mo ròyìn rẹ̀ dáadáa. Mo ní Richard Garfield tó ṣe géèmù káàdì Magic: The Gathering lọ́dún 1993 ló gbé e kalẹ̀, mo ní gbogbo káàdì inú rẹ̀ ti di ọ̀fẹ́. Ojú gbogbo wọn wà lára kọ̀ǹpútà. Mo wá tẹ ibi tí wọ́n ti ń wá alátakò.

Aago kékeré kan bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Ó kà, ó kà, kò sẹ́ni tó jẹ́ wa lóhùn. Mo ní nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ni. Mo yọ dátà fóònù kìíní, mo tan ti èkejì, aago tún bẹ̀rẹ̀ láti òdo. Epo ń jó lọ nínú jẹnẹrétọ̀. Ọ̀kan nínú wọn ń bó ẹ̀pà, ó ń fẹ́ èèpo rẹ̀ sórí kíbọ́ọ̀dù oníkíbọ́ọ̀dù, kò tiẹ̀ wo ibẹ̀ mọ́. Àbúrò kan láti Ìyàrà, tí èmi fúnra mi kọ́ bí wọ́n ṣe ń tú lápútọ́ọ̀pù, ló wá là á mọ́lẹ̀: “Bọ̀dá, ẹ má bínú o, ṣé òkú lẹ ń pè kó wá jẹun ni?” Wọ́n rẹ́rìn-ín débi pé ìyá alákàrà tó wà níwájú ṣọ́ọ̀bù yọjú wò wá. Ẹni tó bá mọ̀ mí mọ̀ pé ẹnu mi kì í dákẹ́. Lọ́jọ́ yẹn ó dákẹ́. Mo pa géèmù náà, mo dojú kọ ẹ̀rọ ìtẹ̀wé bí ẹni tó níṣẹ́ lọ́wọ́. Ohun tó dùn mí jù ni pé kò sí ìkankan nínú wọn tó tíì rí káàdì ẹyọ kan kí wọ́n tó dájọ́.

Lọ́sẹ̀ kejì, mo gbé lápútọ́ọ̀pù méjì kalẹ̀, mo fi orúkọ àbúrò ará Ìyàrà yẹn pè é wọlé lórí Steam, ìyẹn ọjà géèmù orí kọ̀ǹpútà, àwa méjèèjì jọ ta á bí ẹni ta ayò. Ó ń ta á títí dòní. Ó tán.

Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ ni pé tí ayé bá ń bú géèmù kan, ká kọ́kọ́ bi wọ́n pé kí ló bí wọn nínú, ìgbà wo ló sì bí wọn. Nígbà tí Valve, iléeṣẹ́ tó ni Artifact àti Steam, kéde rẹ̀ lóṣù kẹjọ ọdún 2017, níbi ìdíje tó tóbi jù fún Dota 2, géèmù wọn mìíràn, ariwo ìjákulẹ̀ làwọn èrò fi gbà á. Ó jáde ní 28 oṣù kọkànlá, 2018, ní dọ́là 20. Lẹ́yìn dọ́là 20 yẹn, èèyàn tún máa ra káàdì lọ́jà Steam! Níbẹ̀rẹ̀, káàdì akọni kan tó ń jẹ́ Axe nìkan fẹ́ẹ̀ tó owó géèmù náà fúnra rẹ̀. Àwọn tó wọlé lẹ́ẹ̀kan náà lé ní 60,000 nígbà tó jáde. Kí 2019 tó parí, ìgbà kan wà tí wọn ò pé 100. Ìdíje mílíọ̀nù kan dọ́là tí wọ́n ṣèlérí, a ò rí i. Ta ni kò ní bínú? Èmi náà ì bá bínú.

Ṣùgbọ́n ní 4 oṣù kẹta, 2021, Valve ní àwọn ò ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀ mọ́, wọ́n sì sọ ọ́ di ọ̀fẹ́, tòun ti gbogbo káàdì inú rẹ̀. Owó tó fa ìbínú ti lọ, èébú kò bá a lọ. Ó dà bí ẹni tó ń sá fún oníyán torí iye tó ń ta abọ́ kan lọ́dún 2018, nígbà tó jẹ́ pé ọ̀fẹ́ ló ń bù ú báyìí.

Ó ní àléébù o, mi ò ní purọ́, bẹ́ẹ̀ ni kò sẹ́ni tó fún mi ní kọ́bọ̀ láti gbè é. Ojú ọ̀nà mẹ́ta la ti ń jà lẹ́ẹ̀kan náà, akọni márùn-ún la ń kó wọ̀ ọ́. Ilé ìṣọ́ ọ̀nà kọ̀ọ̀kan ní ẹ̀mí 40. Ẹni tó bá kọ́kọ́ wó méjì ló borí, tàbí kó wó ọ̀kan, kó sì wó ilé ńlá tí wọ́n ń pè ní Ancient tó wà lẹ́yìn rẹ̀, tó ní ẹ̀mí 80. Tí kò bá sí ẹni tó dojú kọ akọni rẹ, géèmù fúnra rẹ̀ ló ń fi ọfà kan yàn bóyá yóò kọlu ilé ìṣọ́ tàbí yóò yà sí ẹ̀gbẹ́. Mo ti pàdánù lórí ọfà tó yà báyìí, mo sì lọgun. Àbúrò ní oríire ló ń ta á. Mo ní ẹni tó bá mọ̀ ọ́n ta á ti fi káàdì dí ibẹ̀ kí ọfà tó yà. A ò tíì parí ìjà yẹn. Àléébù tó tún dun àwa ará ibí ni ti fóònù: wọ́n ṣèlérí rẹ̀ fún 2019, kò dé, bẹ́ẹ̀ fóònù ló wà lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ ọmọ wa láti Mopa títí dé Ẹgbẹ̀.

Ẹ jẹ́ n tún padà sórí owó. Hearthstone, géèmù káàdì mìíràn, jáde lọ́dún 2014, ọ̀fẹ́ ni láti wọ̀ ọ́, ayé yìn ín, bẹ́ẹ̀ páàkì káàdì ni wọ́n ń tà níbẹ̀. Ọmọ tí kò lówó á máa fi sùúrù kó káàdì jọ, ẹni tó lówó á rà á tán lálẹ́ ọjọ́ kan. Nínú Artifact Classic, ìyẹn Artifact ti 2018 tó ti di ọ̀fẹ́ yìí, èmi àti ọmọ ọlọ́rọ̀ Àbújá, káàdì kan náà ló wà lọ́wọ́ wa. Tó bá nà mí, ó mọ̀ ọ́n ta jù mí lọ ni. Ẹ sọ fún mi, èwo nínú méjèèjì ló yẹ kí wọ́n máa bú?

Ẹni tó bá fẹ́ dán an wò, Classic ni kó mú, kó fi Foundry, ẹ̀dà kejì tí wọ́n fẹ́ fi tún Artifact ṣe, sílẹ̀ ná. Iṣẹ́ ìyẹn kò parí. Kó kọ́kọ́ bá kọ̀ǹpútà ta títí yóò fi mọ ọ̀nà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, lẹ́yìn náà kó mú alátakò tirẹ̀ wá láti ilé. Tí ẹnikẹ́ni bá sì ní òun fẹ́ ta káàdì Artifact fún un lórí WhatsApp kó lè borí, kó dí nọ́ńbà onítọ̀hún pa.