Ẹ Wo Ọ̀nà Àbọ̀ Kí Ẹ Tó Gba Irinṣẹ́

Bí ẹnikẹ́ni bá gbé irinṣẹ́ tuntun ka iwájú mi, ohun tí mo kọ́kọ́ máa ń wò kì í ṣe bó ṣe yára tó tàbí bó ṣe dùn ún wò tó. Àbọ̀ rẹ̀ ni mo máa ń wò. Bí mo bá fi ba iṣẹ́ jẹ́ lọ́sàn-án, ṣé mo lè padà síbi tí mo wà láàárọ̀? Bí ẹni tó ṣe é bá pa á tì, ṣé mo lè kó ẹrù mi jáde? Ẹ̀kọ́ tí iṣẹ́ kóòdù kíkọ kọ́ mi kò fi bẹ́ẹ̀ ju ìyẹn lọ, ṣùgbọ́n ó ní ẹ̀ka púpọ̀.

Git, irinṣẹ́ tó ń tọ́jú ìtàn àtúnṣe kóòdù, ni ká fi bẹ̀rẹ̀. Ìtàn rẹ̀ gan-an, ọ̀rọ̀ àbọ̀ ni. BitKeeper ni àwọn tó ń kọ Linux ń lò tẹ́lẹ̀ láti tọ́jú kóòdù wọn, irinṣẹ́ tó ní ẹni tó ni ín. Nígbà tí wọ́n fòpin sí lílò rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, Linus Torvalds, ẹni tó dá Linux sílẹ̀, bẹ̀rẹ̀ sí í kọ Git ní oṣù kẹrin 2005.

Ọ̀pọ̀ wa ń lo Git bí ẹni ń di ẹrù àsákiri: a ó kó gbogbo nǹkan sínú `git add .`, a ó kọ "fix" sí i, ó parí. Kò ní dùn yín títí dọjọ́ tí ẹ bá fẹ́ padà. Commit (àtúnṣe tí ẹ ti fi pamọ́ sínú Git) tó kó iṣẹ́ mẹ́rin pọ̀, bí ẹ bá lo `git revert`, àṣẹ tó ń yí i padà, fún un, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló máa bá a lọ. Oògùn rẹ̀ ni `git add -p`. Á fi àtúnṣe yín hàn ní ègé-ègé, ẹ ó tẹ `y` fún èyí tó jẹ́ ti iṣẹ́ ọwọ́ yín, `n` fún èyí tí kì í ṣe tirẹ̀, `s` bí ègé náà bá tóbi tí ẹ fẹ́ kó pín sí wẹ́wẹ́. Ibẹ̀ náà lẹ ó ti máa rí àwọn `console.log` (ìlà tí a fi ń tẹ nǹkan síta fún àyẹ̀wò) tí ẹ gbàgbé.

Èrè commit kékeré máa ń yọ nígbà tí nǹkan tó ń ṣiṣẹ́ lóṣù tó kọjá bá kọṣẹ́, tí kò sì sẹ́ni tó mọ ìgbà tó bàjẹ́. `git bisect` á pín àwọn commit sí méjì, á gbé ti àárín wá kí ẹ wò ó bóyá ó dára, á sì ju ìlàjì kan nù. Nínú 1,000 commit, bí ìgbà 10 péré lẹ ó dáhùn kó tó mú ọ̀daràn. Ẹ tẹ `git bisect start`, ẹ tẹ `git bisect bad`, lẹ́yìn náà `git bisect good` pẹ̀lú nọ́ńbà commit tó dá yín lójú pé ó ń ṣiṣẹ́. Bí àyẹ̀wò náà bá ṣeé kọ sínú script (fáìlì àṣẹ tí kọ̀ǹpútà ń tẹ̀ lé fúnra rẹ̀), ẹ má fi ọwọ́ ṣe é rárá. Ẹ tẹ `git bisect run /tmp/wo.sh`, kí inú script náà sì rí báyìí:

```
#!/bin/sh
npm ci || exit 125
node /tmp/idanwo.js || exit 1
```

Ìlà kejì yẹn, tí npm fi ń gbé library (kóòdù ẹlòmíràn tí a ń lò) wọlé, lọ̀pọ̀ ènìyàn kì í kọ. Nọ́ńbà tí script bá dá padà ló ń sọ èsì: 0 túmọ̀ sí pé commit dára, 1 túmọ̀ sí pé kò dára. Ṣùgbọ́n commit àtijọ́ mìíràn wà tí library rẹ̀ kò tilẹ̀ lè wọlé mọ́. Bí script bá dá 1 padà níbẹ̀, Git á gbà pé bug (àṣìṣe) yín ló rí, á sì mú yín lọ sọ́dọ̀ aláìṣẹ̀. 125 ló ń sọ fún un pé kó fo eléyìí. Ìdí sì wà tí mo fi kó fáìlì méjèèjì sí /tmp: bí wọ́n bá wà lára ohun tí Git ń tọ́jú nínú repo (fóldà iṣẹ́ yín), bó bá ti padà sí commit tó ṣáájú wọn, wọ́n á pòórá lójú iṣẹ́. Bí ẹ bá parí, `git bisect reset`.

`git reflog` ni ìwé àkọsílẹ̀ gbogbo ibi tí HEAD, ìyẹn commit tí ẹ wà lórí rẹ̀, ti dé lórí kọ̀ǹpútà yín. Bí rebase (títún àwọn commit tò sórí ibòmíràn) bá dàrú, tàbí ẹ ṣèèṣì pa ẹ̀ka (branch) kan rẹ́, ẹ wá nọ́ńbà rẹ̀ níbẹ̀, kí ẹ fi `git branch` so ó mọ́ orúkọ tuntun. Fún 90 ọjọ́ ni Git máa ń pa àkọsílẹ̀ yìí mọ́, àmọ́ 30 ọjọ́ péré ni fún commit tí kò sí lórí ẹ̀ka náà mọ́. Kì í bá `git push` lọ, clone (ẹ̀dà repo) tuntun kò sì ní i. Ohun tí ẹ kò tíì commit kò sí níbẹ̀ rárá, `git reset --hard` á gbé e mì láìbèèrè. Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń commit kí n tó tẹ ohunkóhun tó ní `--hard` nínú, bó ti wù kí commit náà rí wúruwùru tó.

Nǹkan kan wà tí kò ní àbọ̀: API key (ọ̀rọ̀ ìkọ̀kọ̀ tí ètò fi ń wọ iṣẹ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì) tó ti wọ repo tí gbogbo ayé ń rí. Pípa á rẹ́ nínú commit tó tẹ̀ lé e kò ṣe nǹkan kan, torí commit àtijọ́ ṣì wà. Ẹ fagi lé key náà lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ẹ gba òmíràn, kí ẹ tó ronú nípa títún ìtàn repo kọ. `.gitignore`, àkọsílẹ̀ fáìlì tí Git kò gbọ́dọ̀ kó, náà kì í ran fáìlì tí Git ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. `git rm --cached .env` lẹ nílò, bó bá jẹ́ fáìlì .env lẹ kó key sí.

Ní ti open source (kóòdù tí gbogbo ènìyàn lè kà), kì í ṣe torí ọ̀fẹ́ ni mo ṣe fẹ́ràn rẹ̀. Torí pé mo lè ṣí inú rẹ̀ wò ni. Ní oṣù kẹta 2024, Andres Freund, olùkọ kóòdù kan, ṣàkíyèsí pé SSH (ọ̀nà tí a fi ń wọ kọ̀ǹpútà tó wà lọ́nà jíjìn) ti ń fi bí ìdajì ìṣẹ́jú-àáyá pẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ. Ó tọpa rẹ̀ títí ó fi dé inú xz, irinṣẹ́ tó ń fún fáìlì pọ̀, ó sì bá ilẹ̀kùn ẹ̀yìn tí ẹnì kan ti gbìn sínú ẹ̀dà 5.6.0 àti 5.6.1, lẹ́yìn tí ẹni náà ti fi ohun tó lé lọ́dún méjì ṣe iṣẹ́ gidi nínú project náà kí wọ́n lè gbẹ́kẹ̀ lé e. Ká ní kóòdù náà wà ní títì pa ni, mi ò mọ bí ìbá ṣe tọpa rẹ̀. Àmọ́ apá kan wà níbẹ̀ tó yẹ kó bà yín lẹ́rù: ègé kan lára kóòdù ibi náà kò sí nínú repo Git, inú tarball (àpò fáìlì) tí wọ́n gbé jáde nìkan ló wà. Ohun tí ẹ kà lè má jẹ́ ohun tí ẹ gbé sórí kọ̀ǹpútà.

Nítorí náà, kí ẹ tó fa library kan wọlé, ẹ dán an wò lórí ẹ̀ka ọ̀tọ̀, kí ẹ tẹ `npm ls --all`, kí ẹ rí iye ọmọ àti ọmọ-ọmọ tó kó dání. left-pad, library kékeré tí wọ́n yọ kúrò lórí npm ní oṣù kẹta 2016 kò ju ìlà 11 lọ, síbẹ̀ build (sísọ kóòdù di ètò tó ń ṣiṣẹ́) àwọn project ńláńlá dúró. Ohun tí ẹ lè fi ogún ìṣẹ́jú kọ, ẹ kọ ọ́ fúnra yín. Ti encryption (fífi ọ̀rọ̀ pamọ́ kí ẹlòmíràn má lè kà á), ti ọjọ́ àti aago, ẹ gba ti àwọn tó mọ̀ ọ́n ṣe, ṣùgbọ́n ẹ fi í sẹ́yìn fáìlì kan ṣoṣo tó jẹ́ tiyín, kí ibi yòókù máa pe fáìlì yẹn. Bí library náà bá kú, ibì kan lẹ ó ti ṣàtúnṣe. Ẹ commit lockfile, fáìlì tó kọ ẹ̀dà library kọ̀ọ̀kan sílẹ̀. Nínú package.json, níbi tí ẹ kọ àwọn library tí ẹ fẹ́ sí, `^1.4.2` gba ohunkóhun láti 1.4.2 lọ tí kò tíì dé 2.0.0, lockfile ló mọ èyí tó wà gan-an. `npm ci` á kọ̀ láti ṣiṣẹ́ bí lockfile àti package.json kò bá bára mu. Ẹ jẹ́ kó kọ̀.

Repo tí kò ní LICENSE (ìwé àṣẹ lílò), ojú lásán lẹ lè fi wò ó. Gbogbo ẹ̀tọ́ ṣì wà lọ́wọ́ ẹni tó kọ ọ́.

Àwa tó ń kọ Yorùbá tún ní ìdí tiwa. Ọ̀rọ̀ náà "ọkọ̀", lẹ́tà mẹ́ta lojú rí. JavaScript, èdè kóòdù, lè kà á sí 4, ó sì lè kà á sí 6. Ọ̀nà méjì ni kọ̀ǹpútà lè gbà kọ ọ́ pamọ́, NFC àti NFD. Ní NFC, ọ jẹ́ ẹyọ kan, k ẹyọ kan, ọ̀ jẹ́ méjì, torí Unicode, ìlànà lẹ́tà tí gbogbo kọ̀ǹpútà ń lò, kò ní ẹyọ kan tó kó lẹ́tà, àmì abẹ́ àti àmì ohùn pọ̀. Ní NFD, àmì kọ̀ọ̀kan ló dá dúró. Fóònù kan á fi ti àkọ́kọ́ ránṣẹ́, kọ̀ǹpútà mìíràn á fi ìkejì, `===`, àmì tí JavaScript fi ń wé nǹkan, á ní wọn kì í ṣe ọ̀kan náà, ẹni tó ń wá orúkọ ara rẹ̀ kò sì ní rí i. Ẹ fi `normalize("NFC")` sẹ́nu ọ̀nà, kí ọ̀rọ̀ tó wọ database. Ìyẹn ní àbọ̀, torí ẹ lè sọ ọ́ di NFD nígbàkigbà.

Yíyọ àmì ni kò ní. Àwọn kan máa ń lo `normalize("NFD").replace(/[\u0300-\u036f]/g, "")` kí wíwá ọ̀rọ̀ lè rọrùn. Àmì abẹ́, U+0323, wà láàárín nọ́ńbà yẹn, nítorí náà ọkọ, ọkọ́ àti ọkọ̀ á di oko. Obìnrin ń wá ọkọ, ẹ nawọ́ oko sí i. Ẹ fi ọ̀rọ̀ sílẹ̀ bí wọ́n ṣe kọ ọ́, kí ẹ fi èyí tí ẹ yọ àmì rẹ̀ sínú column kejì tó wà fún wíwá nìkan. Bí àmì ohùn nìkan lẹ fẹ́ yọ, U+0300, U+0301 àti U+0304 ti tó.

Nílé, ìbéèrè kan náà ni. Fóldà tó ń dọ́gba fúnra rẹ̀ pẹ̀lú ti orí íntánẹ́ẹ̀tì kì í ṣe backup (ẹ̀dà ìpamọ́): bí ẹ bá pa fáìlì rẹ́ níhìn-ín, á pa á rẹ́ lọ́hùn-ún. Ẹ̀dà mẹ́ta, lórí oríṣi ìpamọ́ méjì, kí ọ̀kan wà níbòmíràn. Ní oṣù mẹ́ta-mẹ́ta, mo máa ń mú fáìlì kan jáde láti inú backup sínú fóldà òfìfo, màá sì fi `sha256sum`, àṣẹ tó ń ṣírò àmì ìdánimọ̀ fáìlì, wé e mọ́ ojúlówó. Ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ ni pé disk á ti kún, backup á sì ti dákẹ́ láìwí fún ẹnikẹ́ni. Kóòdù ìgbàpadà 2FA (ìwọlé onípele méjì), ẹ tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé, torí bí fóònù bá sọnù, ohun tó wà nínú fóònù kan náà kò lè gbà yín.

Lálẹ́, kí n tó pa kọ̀ǹpútà, mo máa ń kọ test (kóòdù tó ń yẹ kóòdù wò) kan tó máa kùnà sílẹ̀, pẹ̀lú ìlà kan tó sọ ohun tó kàn, lórí ẹ̀ka tèmi nìkan kí n má bàa dí ẹlòmíràn lọ́wọ́. Bílẹ̀ bá mọ́, màá tẹ `npm test`. Èyí tó bá yọ pupa ni màá dojú kọ.