Pátákó Àwòrán Láàárín Eré

Ojú lọ̀rọ̀ wà. Ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó sórí ilẹ̀ láàárọ̀ yìí, níbi tí àwọn ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi ti ń fi búlọ́ọ̀kù kọ́lé, kí ojú èmi àti tiwọn lè ṣe déédéé. Ọ̀kan nínú wọn, ọmọkùnrin ọlọ́dún 4, kò tíì máa fẹnu sọ̀rọ̀. Ó ń gbọ́ wa yékéyéké o. Pátákó àwòrán tó fi ń bá wa sọ̀rọ̀ wà nílẹ̀ láàárín gbogbo wọn. A ò gbé e kọ́ ọ lọ́rùn.

Ọ̀rọ̀ ibi tí pátákó yẹn ń wà jẹ mí lógún gan-an. Bó bá jẹ́ ọmọ yẹn nìkan ló ń fọwọ́ kàn án, ta ló máa rí wò kọ́ bí wọ́n ṣe ń lò ó? Ọmọ tó ń fẹnu sọ̀rọ̀ ti gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu ará ilé fún bí ọdún kan kó tó pe ẹyọ kan ṣoṣo, ẹnikẹ́ni kì í sì í bá a wí. Nítorí náà, bí mo bá ti ń sọ pé "fi sí i," ìka mi á kan àwòrán "sí i." Nígbà tó yá, ọmọbìnrin kan tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi náà fọwọ́ kan "ó kàn mí." Èmi kọ́ ni mo rán an.

Ọmọkùnrin náà ń wò ó. Mo ka ení, èjì, títí dé ẹ̀wá nínú ara mi, mi ò sọ nǹkan kan. (Àwa àgbà máa ń dáhùn fún ọmọ kó tó ronú tán.) Ìka rẹ̀ bá bọ́ sórí "sí i," ọmọbìnrin náà sì gbé búlọ́ọ̀kù pupa kan lé e lọ́wọ́. Mi ò pàtẹ́wọ́. Ẹgbẹ́ rẹ̀ ló bá sọ̀rọ̀, ẹgbẹ́ rẹ̀ sì ti dá a lóhùn. Bí mo bá kígbe "o káre" níbẹ̀, èmi ni gbogbo wọn máa kọjú sí, eré á sì dàrú.

Nígbà tí ìyá rẹ̀ wá mú un, ó ní, "Àǹtí, ṣé àwòrán yìí ò ní jẹ́ kó ya ọ̀lẹ láti sọ̀rọ̀?" Ìbẹ̀rù gidi ni. Mo sọ fún un pé àwọn onímọ̀ kan, Millar, Light àti Schlosser, ṣa ìwádìí jọ lórí ẹ̀ lọ́dún 2006: nínú àwọn èèyàn 27 tí ẹ̀rí wọn fẹsẹ̀ múlẹ̀ jù, kò sẹ́ni tí ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ dínkù, ti ọ̀pọ̀ tiẹ̀ pọ̀ sí i díẹ̀. Ó ní kí n ṣe pátákó kan sílẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n ọmọ náà nílé.

Àdéhùn Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé lórí ẹ̀tọ́ àwọn akàndá ẹ̀dá, ti ọdún 2006, dárúkọ eré ní tààrà ní abala 30: kí ọmọ akàndá lè kópa nínú rẹ̀ bíi tàwọn ọmọ yòókù. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó kún orí pátákó púpọ̀: omi, ilé ìgbọ̀nsẹ̀, jọ̀ọ́. Ohun tí àgbà fẹ́ gbọ́ ni wọ́n. Nígbà tí ilé búlọ́ọ̀kù ga tán lónìí, ọmọkùnrin náà wá àwòrán kan títí lórí pátákó, kò rí i, ló bá fọwọ́ gbá ilé náà lulẹ̀. Ẹnì kan bú sẹ́kún. Kì í ṣe ìwà ipá rárá. Ọ̀rọ̀ tó fẹ́ sọ ni kò sí níbẹ̀.

Mo ti ya "wó o" báyìí. Mo sì ya "má tíì wó o" sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, torí àwọn tó kù náà á nílò rẹ̀ lọ́la.