Ohun tí mo gbọ́ lọ́dún yìí, àti èyí tí mo ṣe nínú rẹ̀

Ọdún ti ń parí lọ, kálukú sì ti ń ka oore tí Ọlọ́run ṣe fún un. Èmi náà dúpẹ́ pé mo wà lórí ilẹ̀ alààyè. Ṣùgbọ́n àyẹ̀wò tí mo fẹ́ ṣe lọ́tẹ̀ yìí kì í ṣe ti ohun tí mo rí gbà. Ìwé tí mo máa ń kọ ìwàásù sí ni mo ṣí síwájú ara mi. Ọjọ́ ti pẹ́ tí mo ti ń gbé irú ìwé bẹ́ẹ̀ lọ sílé ìjọsìn, tí mo ń kọ ẹsẹ Bíbélì àti kókó ọ̀rọ̀ oníwàásù sínú rẹ̀. Nígbà tí ọdún yìí bẹ̀rẹ̀, mo fa ìlà sí àárín ojú ìwé kọ̀ọ̀kan. Apá òsì wà fún ohun tí mo bá gbọ́. Apá ọ̀tún wà fún ohun tí mo máa ṣe sí i, ẹni tí mo máa ṣe é fún, àti ìgbà tí mo máa ṣe é. Apá ọ̀tún yìí ni mo ń kà láti àná.

Ìwé Ìsíkíẹ́lì orí 33 ló mú mi fa ìlà náà. Wòlíì náà wà láàárín àwọn ìgbèkùn ní Bábílónì, ìròyìn pé Jerúsálẹ́mù ti ṣubú ṣẹ̀ṣẹ̀ dé etí wọn. Àwọn ènìyàn wá ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri àti lẹ́nu ọ̀nà ilé wọn, wọ́n ń wí fún ara wọn pé kí wọ́n wá gbọ́ ọ̀rọ̀ tó ti ọ̀dọ̀ Olúwa jáde. Wọ́n wá lóòótọ́. Wọ́n jókòó níwájú rẹ̀ bí ènìyàn Ọlọ́run, wọ́n sì fi ẹnu fi ìfẹ́ púpọ̀ hàn. Ọlọ́run wá sọ fún Ìsíkíẹ́lì pé lójú àwọn wọ̀nyí, ó dà bí olórin tí ohùn rẹ̀ dùn, tó sì mọ ohun èlò orin lò dáadáa: wọ́n ń gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀, wọn kò ṣe é.

Ohun tó bà mí lẹ́rù níbẹ̀ ni pé irú ìjọ tí gbogbo oníwàásù ń gbàdúrà fún ni ìjọ Ìsíkíẹ́lì yìí. Wọ́n ń wá, wọ́n ń pe aládùúgbò wọn wá, ọ̀rọ̀ náà sì ń dùn mọ́ wọn. Lóde òní a tún lè gba ìwàásù sórí fóònù, ká gbọ́ ọ ní àgbọ́túngbọ́, ká fi ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́, ká kọ “Àmín” sábẹ́ rẹ̀. Kò sí èyí tó burú nínú wọn. Ẹni tó bá ṣe gbogbo rẹ̀ kò tíì ṣe ohun kan ṣoṣo tí oníwàásù náà ní kó ṣe.

“Ẹ jẹ́ olùṣe ọ̀rọ̀ náà, kí ẹ má sì ṣe olùgbọ́ nìkan.” Orí kìíní lẹ́tà Jákọ́bù ló wà, ẹsẹ 22, a mọ̀ ọ́n sórí. Ohun tí mo rí nígbà tí mo ka lẹ́tà náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin lẹ́ẹ̀kan náà ni pé Jákọ́bù kò fi wá sílẹ̀ láti máa rò ó bóyá ohun báyìí ló ní lọ́kàn. Ẹsẹ márùn-ún péré lẹ́yìn náà, ó dárúkọ ọmọ aláìlóbìí àti opó nínú ìpọ́njú wọn. Ní orí kejì, ó bá àwọn tó fún olówó níjòkòó tó dára, tí wọ́n ní kí tálákà dúró síbẹ̀ wí, ó sì sọ ti ẹni tó wí fún oníhòòhò àti ẹni tí ebi ń pa pé kó máa lọ ní àlàáfíà, láì fún un ní nǹkan kan. Orí kẹta dá lé ahọ́n. Nígbà tó fi máa dé orí karùn-ún, owó àwọn alágbàṣe tó kórè oko, tí olóko kò san, ló ń ké.

Ibi owó iṣẹ́ yẹn ni mo ti bẹ̀rẹ̀, nítorí kò ṣòro láti mọ̀ bóyá ènìyàn ṣe é tàbí kò ṣe é. Léfítíkù 19:13 sọ pé owó alágbàṣe kò gbọdọ̀ sùn lọ́wọ́ ẹni di òwúrọ̀. Diutarónómì 24:15 ní ká san án lójọ́ náà gan-an, kí oòrùn tó wọ̀, nítorí tálákà ni, ó sì gbé ọkàn rẹ̀ lé e. Mo pinnu pé ẹnikẹ́ni tó bá bá mi ṣiṣẹ́ lọ́dún yìí, owó rẹ̀ kò ní di ọ̀la. Káfíńtà kan wá tún ilẹ̀kùn ṣe fún mi. Kò tíì kó irinṣẹ́ rẹ̀ sínú àpò tán tí mo fi ka owó rẹ̀ sí i lọ́wọ́. Ó wò ó, ó wò mí, ó ní òun ti sọ fún ìyàwó òun láàárọ̀ pé kó má retí nǹkan kan di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ọjọ́ yẹn ni ọ̀rọ̀ “ó gbé ọkàn rẹ̀ lé e” tó yé mi. Ọkùnrin náà ti kọ́ láti má gbé ọkàn lé owó tó làágùn fún, nítorí ohun tí ojú rẹ̀ ti rí. Ìdílé kan ti ṣètò ọ̀sẹ̀ kan gbáko lórí pé a máa dá owó wọn dúró.

Mátíù 5:23-24 ló gba ojú ìwé tó pọ̀ jù nínú ìwé mi. Jésù ní bí o bá mú ẹ̀bùn rẹ wá síbi pẹpẹ, tí o sì rántí níbẹ̀ pé arákùnrin rẹ ní ohun kan nínú sí ọ, fi ẹ̀bùn náà sílẹ̀, kọ́kọ́ lọ bá a làjà, lẹ́yìn náà ni kí o wá rú ẹbọ rẹ. Láti kékeré ni mo ti mọ ẹsẹ yẹn sórí, àmọ́ ohun méjì wà níbẹ̀ tí mi ò rí títí di ọdún tí mo fẹ́ ṣe é.

Èkínní ni pé arákùnrin yẹn ni inú ń bí. Jésù kò béèrè bóyá ó tọ́ kí inú bí i. Ẹ̀gbọ́n mi kan ní ọ̀rọ̀ pẹ̀lú ẹlòmíì nínú ẹbí wa, àwọn ẹbí bi mí léèrè ohun tójú mi rí, mo sì sọ ọ́. Láti ìgbà náà ni ẹ̀gbọ́n mi kò ti gbé ìpè mi mọ́. Òótọ́ ni ohun tí mo sọ, mo sì dúró lórí rẹ̀ títí dòní. Bí ènìyàn bá ti wà lórí òótọ́, ó rọrùn láti ní kí ẹni tínú ń bí wá bá òun. Mo wá ẹsẹ náà títí, mi ò rí ibi tó ti gba irú èyí láyè.

Èkejì ni bí ọ̀nà ṣe jìn tó. Gálílì ni Jésù ti ń sọ̀rọ̀ yìí. Jerúsálẹ́mù ni pẹpẹ wà, ẹni tó bá sì máa fi ẹsẹ̀ rìn láti Gálílì débẹ̀ á rìn tó ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ wá wo ará Gálílì kan tó rin ìrìn yẹn, tó dé iwájú pẹpẹ pẹ̀lú ẹran ẹbọ rẹ̀, tó wá rántí pé ọ̀rọ̀ wà láàárín òun àti arákùnrin òun nílé. Kó fi í sílẹ̀. Kó rin ọjọ́ mẹ́ta padà. Kó làjà. Kó tún wá rin ọjọ́ mẹ́ta mìíràn. Àwọn tó jókòó gbọ́ ọ lórí òkè lọ́jọ́ yẹn mọ ohun tó ń sọ, ẹsẹ̀ wọn ló ń rin ọ̀nà náà. Àwa ka ẹsẹ yìí bíi pé láti orí bẹ́ǹṣì kan sí èkejì nínú ilé ìjọsìn ló ní ká lọ.

Mo lọ bá ẹ̀gbọ́n mi. Mo ti to àlàyé sílẹ̀, ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń lọ lójú ọ̀nà ni mo ń yọ ọ́ kúrò díẹ̀díẹ̀, torí pé bí mo bá tún bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé, ẹjọ́ mi ni mo tún ń rò yẹn. Mo ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, mo mọ̀ pé inú yín ò dùn sí mi. Mi ò fẹ́ kó máa rí bẹ́ẹ̀ láàárín wa, òun ni mo ṣe wá.” Wọ́n dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Nígbà tí wọ́n wá sọ̀rọ̀, wọ́n sọ ọ́ gan-an ni. Kì í ṣe ohun tí mo sọ ló dùn wọ́n jù. Ohun tó dùn wọ́n ni pé ẹnu ẹlòmíì ni wọ́n ti gbọ́ ọ kí wọ́n tó gbọ́ ọ lẹ́nu mi. Ká ní mo jókòó sílé mi tí mò ń gbàdúrà lórí ọ̀rọ̀ náà, bóyá ni mi ò bá mọ èyí láé. Wọn ò sọ pé ó ti tán. Wọ́n béèrè àwọn ọmọ, wọ́n sì sìn mí dé ẹnu ọ̀nà. Wọ́n ti ń gbé ìpè mi báyìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀rọ̀ wa kì í pẹ́. Ẹsẹ méjì ni ìlàjà yìí gbà nínú ìwé Mátíù. Oṣù mélòó kan ti kọjá lórí tiwa, a ṣì wà lójú ọ̀nà.

Nípa Mátíù 6:1-4, ọ̀rọ̀ ìtọrẹ àánú ní ìkọ̀kọ̀, mi ò ní kọ nǹkan kan síhìn-ín. Bí mo bá kọ ọ́, mo ti bà á jẹ́.

Mo tún kọ Mátíù 25:36 sílẹ̀, níbi tí Jésù ti sọ̀rọ̀ nípa bíbẹ aláìsàn àti ẹlẹ́wọ̀n wò, mo sì kọ orúkọ ìyá àgbà kan nínú ìjọ wa síwájú rẹ̀, tí ara wọn kò jẹ́ kí wọ́n lè máa wá sí ìsìn mọ́. Mo mú Bíbélì dání nígbà tí mò ń lọ, mo ti yan ẹsẹ tí mo máa kà. Ohun tí wọ́n ń fẹ́ ni kí ẹnì kan bá wọn wá awò ojú wọn, kó sì ka àwọn lẹ́tà tó ti jọ sílẹ̀ fún wọn. Nígbà tí mo padà dé ilé, mo tún ẹsẹ náà kà dáadáa. Jésù kò sọ pé mo ṣàìsàn, ẹ sì mú mi lára dá. Kò sọ pé mo wà lẹ́wọ̀n, ẹ sì tú mi sílẹ̀. “Ẹ bẹ̀ mí wò” ló sọ, “ẹ tọ̀ mí wá.” Ta ni èyí kò ká lára?

Nínú Jòhánù 7, Jésù ń kọ́ni ní tẹ́ńpìlì lákòókò àjọ̀dún Àgọ́, ẹnu ń ya àwọn Júù pé báwo ni ẹni tí kò kẹ́kọ̀ọ́ ṣe mọ̀wé. Ó dáhùn ní ẹsẹ 17 pé bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ láti ṣe ìfẹ́ Ọlọ́run, yóò mọ̀ nípa ẹ̀kọ́ náà, bóyá ti Ọlọ́run ni. Ẹsẹ yẹn ni mo rò pé ọdún yìí fi yé mi jù. A máa ń fẹ́ kí ẹ̀kọ́ kọ́kọ́ yé wa délẹ̀délẹ̀, ká ka ìwé sí i, ká béèrè sí i, ká tó dìde. Ìfẹ́ láti ṣe ni Jésù fi síwájú, ìmọ̀ ló tẹ̀lé e. Ohun tí mo mọ̀ nípa alágbàṣe, nípa ẹ̀gbọ́n mi àti nípa ìbẹ̀wò aláìsàn lónìí, kò sí ìwàásù kankan tí mo lè ti gbọ́ ọ. Mo sì ti gbọ́ ìwàásù tó dára gan-an lórí wọn.

Mo máa ń rántí Antony, ọ̀dọ́mọkùnrin ará Íjíbítì kan ní nǹkan bí ọdún 270. Athanasius, bíṣọ́ọ̀bù Alexandria, ló kọ ìtàn rẹ̀. Òbí rẹ̀ ti kú, wọ́n fi ilẹ̀ oko ọlọ́ràá tó tó nǹkan bíi 200 éékà sílẹ̀ fún òun àti àbúrò rẹ̀ obìnrin. Ó wọ ilé ìjọsìn lọ́jọ́ kan, ó bá wọn tí wọ́n ń ka ọ̀rọ̀ Jésù sí ọ̀dọ́kùnrin ọlọ́rọ̀, pé kó ta ohun tó ní, kó fi fún tálákà. Ó jáde lójú ẹsẹ̀, ó pín ilẹ̀ náà fún àwọn ará abúlé. Ó ta àwọn nǹkan yòókù, ó fi owó rẹ̀ fún tálákà, ó sì dá díẹ̀ sí nítorí àbúrò rẹ̀. Mo ní ìbéèrè lórí àbúrò yẹn, torí kò sí ibi tí wọ́n ti sọ fún wa pé ó bi í kó tó ta ohun tó jẹ́ ti àwọn méjèèjì. Síbẹ̀, bí àkókò tó wà láàárín kíkà náà àti ìdìde rẹ̀ ṣe kúrú tó kò kúrò lọ́kàn mi.

Àwọn kan á ní ṣé iṣẹ́ ni yóò gbà wá là ni. Rárá. Éfésù 2:8-9 ti yanjú ìyẹn, ó ní oore-ọ̀fẹ́ ló gbà wá là, kì í ṣe iṣẹ́. Kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n ka ẹsẹ 10 mọ́ ọn, níbi tí Pọ́ọ̀lù ti sọ pé a dá wa nínú Kristi Jésù fún iṣẹ́ rere.

Apá ọ̀tún ìwé mi ṣófo níbi púpọ̀. Bí mo ṣe ń yẹ̀ ẹ́ wò, mo rí ohun tó fà á. Gbogbo ibi tí mo ti kọ orúkọ ènìyàn àti ọjọ́ sí, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo rẹ̀ ni mo ṣe. Ibi tí mo ti kọ “máa ní sùúrù” tàbí “fẹ́ràn ọmọnìkejì rẹ” láìsí orúkọ, bó ṣe wà ní oṣù kìíní ló ṣì ṣe wà. Nítorí náà lọ́dún tó ń bọ̀, bí oníwàásù bá fúnni ní kókó mẹ́ta, mo máa mú ọ̀kan, mo máa wá ẹni tí mo fẹ́ ṣe é fún, mi ò sì ní mú òmíràn títí n ó fi ṣe ìyẹn. Ẹgbẹ́ ìkẹ́kọ̀ọ́ Bíbélì wa náà ti gbà pé ká máa fi ìbéèrè kan ṣáájú: kí la ṣe nínú èyí tí a kọ́ kọjá? Níbẹ̀rẹ̀, gbogbo ilé máa ń pa rọ́rọ́. Ó ti ń yí padà díẹ̀díẹ̀. Arábìnrin kan tí kì í sọ̀rọ̀ rí ló sọ fún wa lọ́jọ́ kan pé òun ti dá ohun tí òun yá padà fún ẹni tó ni ín, pẹ̀lú ẹ̀bẹ̀. Kò ju gbólóhùn méjì lọ, ó sì jókòó.

Ẹ̀gbọ́n mi sọ ohun kan lórí fóònù nínú oṣù yìí. Wọ́n ní bí ẹnì kejì tí ọ̀rọ̀ náà ti ṣẹlẹ̀ láàárín wọn bá lè wá, àwọn á jókòó gbọ́ tẹnu rẹ̀. Mo pe ẹni náà lọ́jọ́ kejì. Ó ní òun máa dá mi lóhùn lẹ́yìn ọdún tuntun. Bí kò bá pè, èmi ni máa pè é.