Sátidé: Gbogbo Ara Lórí Ẹsẹ̀ Kan

Èjìká ń ro mí bí mo ṣe ń kọ èyí. Ẹsẹ̀ tí mo tìtorí rẹ̀ bẹ̀rù ní tiẹ̀ kò ṣe mí ní nǹkan kan. Àwa mẹ́sàn-án la jọ lọ fi sikí, ìyẹn ohun pẹlẹbẹ gígùn téèyàn ń so mọ́ bàtà láti fi yọ̀ lórí yìnyín, rìn lórí òkè lónìí, kìlómítà 8 péré ní àlọ àti àbọ̀, ọ̀nà náà sì tẹ́jú níbi tó pọ̀ jù. Síbẹ̀ mi ò fẹ́ sùn láì kọ ọ́ sílẹ̀, torí ohun tí kò yé mi lẹ́ẹ̀mejì tí mo ti lọ tẹ́lẹ̀ yé mi lónìí.

Sikí tiwa yìí kọ́ ni wọ́n fi ń já ṣòòròṣò láti orí òkè. Ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó gùn jù mí lọ, imú bàtà nìkan ló sì so mọ́ ọn. Gìgísẹ̀ ń gbéra bí ìgbà téèyàn ń rìn lásán. Agbedeméjì rẹ̀ tẹ̀ sókè bí ọrun ọdẹ, abẹ́ ibẹ̀ sì ni wọ́n gbẹ́ nǹkan wẹ́wẹ́ bí ìpẹ́ ẹja sí. Tí o bá pín ara rẹ sórí ẹsẹ̀ méjèèjì, ìpẹ́ yẹn kò ní kan yìnyín dáadáa, wàá kàn máa yọ̀ padà sẹ́yìn. Ìgbà tí gbogbo ara bá wà lórí ẹsẹ̀ kan ló tó tẹ̀ wálẹ̀, tí ìpẹ́ á di yìnyín mú, tí wàá sì rí ibi ti ara rẹ síwájú. Ẹ̀rù ni kì í jẹ́ kí n ṣe é. Ṣe ni mo máa ń fẹsẹ̀ méjèèjì dúró, tí mo ń fi ọ̀pá wọ́ ara mi lọ bí ẹni ń tukọ̀. Abájọ tí èjìká fi ń ro mí.

Obìnrin tó ń darí wa fi bàbá ẹni ọdún 71 kan síwájú, torí orúnkún ń dà á láàmú. Ó ní ẹni tí kò lè yára ni kó máa ṣí ọ̀nà, kẹ́nikẹ́ni má bàa dá kù sẹ́yìn. Ìdí nìyẹn tí mo fi ráyè wo ẹsẹ̀ bàbá náà dáadáa. Ó máa ń pẹ́ lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan! Á tẹ̀ ẹ́, á dákẹ́ lórí rẹ̀, sikí á máa lọ wọ́ọ́rọ́wọ́ nínú ipa tóóró méjì tí ẹ̀rọ ti là sínú yìnyín.

“Bàbá, báwo lẹ ṣe ń ṣe é?”

“Fọkàn tán ẹsẹ̀ rẹ, ọmọ mi. Má tíì gbé èkejì sílẹ̀.”

Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo ṣubú lẹ́yìn ìyẹn. Tèèyàn bá ṣubú, ó gbọ́dọ̀ kó ara kúrò lójú ipa kíá, kó sì fi yìnyín dí ihò tí ara rẹ̀ dá, kí sikí ẹni tó ń bọ̀ má bàa há síbẹ̀. Mo fẹ́ràn òfin yẹn gan-an. Gbogbo wa la jọ dí ihò mi kẹta, torí ó jìn.

Mo wọ aṣọ jù, òógùn bò mí, nígbà tá a sì dúró mumi, òtútù wọ òógùn náà. Lọ́jọ́ mìíràn, màá jẹ́ kí òtútù mú mi díẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀. Awò dúdú ni mi ò gbàgbé, ọpẹ́lọpẹ́ rẹ̀: yìnyín tuntun lè dá tó ìdá 80 nínú 100 ìtànṣán oòrùn tó ń jó ojú àti awọ padà sókè, èyí tó ń bọ̀ látòkè sì tún ń le sí i béèyàn ṣe ń gòkè.

Níbi ìsinmi yẹn ni kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀. Yìnyín rírọ̀ máa ń gbé ohùn mì, mo sì ń gbọ́ èémí ara mi.

Nígbà àbọ̀, lórí ẹsẹ̀ ọ̀tún, mo ka ení, èjì, ẹ̀ta kí n tó gbé èkejì sílẹ̀. Ti òsì kò tíì kọjá ení.