Ọdún wo ni ìtàn bẹ̀rẹ̀? Ẹjọ́ tá a máa ń rò ní kíláàsì History

Ẹ kó ọmọ Mẹ́síkò kan, ọmọ Ṣáínà kan, aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà méjì mẹ́ta, òyìnbó láti East Texas àtèmi ọmọ Yorùbá sínú kíláàsì kan ní Houston níbí, kí tíṣà kàn béèrè pé ọdún wo lọ̀rọ̀ yìí bẹ̀rẹ̀, ó tán, a ò ní tètè lọlé lọ́jọ́ yẹn. Ohun tí mo ti rí látìgbà tí mo ti ń ṣe kọ́ọ̀sì yìí ni pé kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣe ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an la máa ń jà lé lórí, ìwé kan náà ni gbogbo wa ń kà, ibi tí kálukú ti fẹ́ kí ìtàn bẹ̀rẹ̀ ni ìjà wà, torí ẹni tó bá ti mú ọdún tí ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀, ó ti mú ẹni tó jẹ̀bi mọ́ ọn.

Fún àwọn tí ò mọ̀, òfin ni ní Texas o, ẹni tó bá máa gba dìgírì nílé ìwé gíga ìjọba gbọ́dọ̀ ṣe History Amẹ́ríkà, kírẹ́dítì mẹ́fà, wọn ò fẹ́ mọ ohun tó o wá kà, nọ́ọ̀sì lèmi fẹ́ ṣe, mo ṣì wà níbẹ̀. Wọ́n pín in sí méjì, apá kìíní parí sí 1877, apá kejì gbé e látibẹ̀ dé òde òní. Apá kìíní ni mo ń ṣe báyìí, mo sì ń ṣe World History pọ̀ mọ́ ọn. Ọ̀pọ̀ àwa tá a ti ilé wá ló máa ń kùn pé kí ló kàn wá nínú ọ̀rọ̀ George Washington. Èmi ò bá wọn kùn, kọ́ọ̀sì tí mo fẹ́ràn jù lọ nìyẹn.

Ẹ jẹ́ ká mú ọ̀rọ̀ Texas fúnra ẹ̀. Àwọn tó dàgbà síbí, láti kékeré ni wọ́n ti kọ́ wọn ní ìtàn Alamo, odi kan ní San Antonio, 6 Máàṣì 1836, bí sójà Mẹ́síkò lábẹ́ Santa Anna ṣe pa àwọn tó fara pamọ́ sínú ẹ̀, tí Sam Houston, ẹni tí wọ́n forúkọ ẹ̀ sọ ìlú tí mò ń gbé yìí, sì gbẹ̀san ní San Jacinto ní 21 Épírì ọdún yẹn kan náà. San Jacinto ò jìn síbí rárá, òkúta ìrántí tó wà níbẹ̀ ga débi tó ò fi ní ṣàì rí i látòkèèrè. Ìtàn òmìnira nìyẹn lọ́wọ́ wọn, bẹ́ẹ̀ sì ni ìwé wa ṣe gbé e kalẹ̀. Ọmọbìnrin kan tí ìdílé wọn wá láti ẹ̀gbẹ́ odò Rio Grande wá nawọ́, ó ní òun ò ní bẹ̀rẹ̀ láti 1836 o, 1829 lòun máa ti bẹ̀rẹ̀, ọdún tí Vicente Guerrero tó jẹ́ ààrẹ Mẹ́síkò fòpin sí oko ẹrú.

Gbogbo kíláàsì pa rọ́rọ́. Ọ̀pọ̀ wa ò gbọ́ ọ rí. Ọkùnrin yẹn gan-an, ẹ̀jẹ̀ Áfíríkà wà lára ẹ̀, ó sì di ààrẹ nígbà tí wọ́n ṣì ń ta aláwọ̀ dúdú ní gbangba ọjà ní New Orleans. Àwọn òyìnbó Amẹ́ríkà tí wọ́n ti ń ya wọ Texas látìgbà tí Stephen Austin ti kó àwọn àkọ́kọ́ wọn wá ní 1821, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló kó ẹrú wá gbin òwú, òfin yìí ò bá wọn lára mu rárá, wọ́n pariwo títí Mẹ́síkò fi yọ Texas sílẹ̀ nínú ẹ̀ kí ọdún yẹn tó parí, ṣùgbọ́n ọkàn wọn ò balẹ̀ mọ́. Nígbà tí wọ́n wá gbòmìnira tí wọ́n kọ òfin ìpìlẹ̀ tiwọn ní 1836, wọ́n kọ ọ́ sínú ẹ̀ pé ilé aṣòfin wọn ò gbọ́dọ̀ dá ẹrú sílẹ̀, aláwọ̀ dúdú tó sì ti gbòmìnira tẹ́lẹ̀ ò lè fi Texas ṣe ibùgbé àfi tí ilé aṣòfin bá gbà bẹ́ẹ̀. Tíṣà wa gbé ìlà yẹn sójú bọ́ọ̀dù kí gbogbo wa kà á. Mo kà á lẹ́ẹ̀kan, mo tún un kà.

Ọmọkùnrin kan láti East Texas, tí mo bọ̀wọ̀ fún torí kì í wá sí kíláàsì láì kàwé, ó ní ọ̀rọ̀ ẹrú nìkan kọ́, ó ní Santa Anna ti da òfin ìpìlẹ̀ 1824 nù, ó ń ṣe bó ṣe wù ú, àti pé àwọn Mẹ́síkò tó ń gbé Texas, bíi Juan Seguín, bá wọn gbé ìbọn lòdì sí i. Òótọ́ ni gbogbo ohun tó sọ, mo sì fẹ́ kó sọ ọ́, agbẹ́jọ́ ẹnì kan dá àgbà òṣìkà. Ṣùgbọ́n lójú tèmi, ẹni tó jà fún òmìnira tó wá fọwọ́ ara ẹ̀ kọ ọ́ pé ẹlòmíì ò gbọ́dọ̀ rí i gbà láéláé, a gbọ́dọ̀ máa ka ìlà yẹn sókè níbi tá a bá ti ń ka Alamo. Ọmọbìnrin yẹn ò sì tíì jókòó o, ó tún mú 1848 wá, àdéhùn Guadalupe Hidalgo, tí Amẹ́ríkà fi mílíọ̀nù 15 dọ́là gba California, Nevada, Utah àti ilẹ̀ rẹpẹtẹ mìíì lẹ́yìn ogun tó bá Mẹ́síkò jà, téèyàn bá ka Texas mọ́ ọn ó lé ní ìdajì ilẹ̀ Mẹ́síkò tó lọ. Àwọn tiwọn máa ń sọ pé "a ò sọdá bọ́dà, bọ́dà ló sọdá wa." Látọjọ́ yẹn, nígbàkigbà tí mo bá gbọ́ tẹ́nì kan ń pariwo àjèjì ní Texas, 1848 ló máa ń wá sí mi lọ́kàn.

Ní tàwọn aláwọ̀ dúdú tá a jọ wà ní kíláàsì, 19 Júùnù 1865 ni wọ́n máa ń mú wá, ọjọ́ tí Jẹ́nẹ́rà Gordon Granger dé Galveston tó sì kéde pé ẹrú kankan ò sí ní Texas mọ́. Galveston yẹn, tá a bá wakọ̀ láti Houston, kò ju wákàtí kan lọ. Lincoln ti kéde òmìnira yẹn láti 1 Jánúárì 1863, ẹ̀yin náà ẹ ṣírò ẹ̀, ọdún méjì àtààbọ̀ ni wọ́n fi ń ṣiṣẹ́ ọ̀fẹ́ lẹ́yìn tí òfin ti tú wọn sílẹ̀. Texas ti ń fi ọjọ́ yẹn ṣe ọlidé láti 1980, 2021 ni ìjọba àpapọ̀ tó tẹ̀ lé wọn.

Ọdún tèmi wá ni 1860, ibẹ̀ ni mo sì fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi.

Láti 1 Jánúárì 1808 ni òfin Amẹ́ríkà ti sọ pé wọn ò gbọ́dọ̀ kó ẹrú wọlé látòkè òkun mọ́. Ṣùgbọ́n ní 1860, olówó kan ní Mobile, Alabama, Timothy Meaher, rán ọkọ̀ kan tó ń jẹ́ Clotilda lọ sí Ouidah létíkun Dáhómì, William Foster ni kápútẹ́nì ẹ̀, ó sì kó èèyàn bí 110 bọ̀. Òru ni wọ́n fi wọlé, wọ́n kó àwọn èèyàn yẹn pamọ́, wọ́n sì dáná sun ọkọ̀ náà kí ẹ̀rí má bàa sí. 2019 ni wọ́n tó kéde pé àwọn ti rí àfọ́kù ẹ̀ nísàlẹ̀ odò. Ọ̀kan nínú àwọn tó wà nínú ọkọ̀ yẹn ni Oluale Kossola, tí wọ́n wá ń pè ní Cudjo Lewis, Yorùbá ni, láti agbègbè Bantè tó wà nínú orílẹ̀-èdè Benin lónìí. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí ò tíì tó ọmọ ogún ọdún ni nígbà tí àwọn ọmọ ogun Dáhómì já wọ ìlú wọn láàárọ̀ kùtùkùtù, tí wọ́n pa ọba wọn, tí wọ́n sì kó àwọn tó kù lọ sétí òkun.

Nígbà tí ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà parí ní 1865 tí sójà sọ fún wọn pé ẹ ti dòmìnira, ilé ni wọ́n kọ́kọ́ fẹ́ lọ o. Wọn ò rówó ọkọ̀. Wọ́n wá ní kí Kossola lọ bá Meaher kó sọ fún un pé ìwọ lo kó wa wá, a ti sìn ọ́ láìgbowó, fún wa nílẹ̀ díẹ̀ ká fi kọ́lé. Meaher kọ̀ jálẹ̀. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tọ́jú owó, àwọn ọkùnrin ń ṣiṣẹ́ nílé iṣẹ́ pákó, àwọn obìnrin ń ta ẹ̀fọ́ àti èso, wọ́n ra ilẹ̀, wọ́n kọ́ ìlú tiwọn, Africatown, wọ́n kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì síbẹ̀, wọ́n sì yan olórí láàárín ara wọn. Ìlú náà ṣì wà ní Mobile títí di òní. Ilé ẹjọ́ ò sì dá Meaher lẹ́bi.

Kossola fẹ́ Abile, tí wọ́n jọ bá ọkọ̀ yẹn wá, wọ́n bímọ mẹ́fà, ọmọ kọ̀ọ̀kan ní orúkọ Amẹ́ríkà, ó sì ní orúkọ ilé. Orúkọ ilé tí wọ́n sọ àkọ́bí wọn, Iyadjemi ni wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ gbọ́ Yorùbá, ẹ pè é jáde lẹ́nu yín. Mo pè é ní kíláàsì, mo sì ní láti dúró díẹ̀ kí n tó lè máa bọ́rọ̀ lọ. Ọmọbìnrin Yorùbá kan tí wọ́n bí sí Houston, tí kì í fẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀ pé òun gbọ́ Yorùbá, ló yí ẹ̀yìn wò tó ń sọ fún mi lójú gbogbo ayé pé "Àǹtí, orúkọ wa nìyẹn!"

Ibẹ̀ náà ni ìbéèrè tó le jù ti jáde. Arákùnrin aláwọ̀ dúdú kan tó ti dàgbà díẹ̀ sí wa béèrè lọ́wọ́ mi pé ta ló tà wọ́n. Kò fi ìjà béèrè ẹ̀, ó kàn fẹ́ mọ̀ ni. Mo sọ fún un pé Dáhómì ló kó Kossola. Ṣùgbọ́n mi ò lè dúró síbẹ̀ yẹn kí n wá ṣe bí ẹni pé ọwọ́ tiwa mọ́, torí Ọ̀yọ́ náà ta èèyàn, àwọn ogun tá a bá ara wa jà ní nǹkan bí igba ọdún sẹ́yìn ló kún inú ọkọ̀ tó ń lọ sí Brazil àti Cuba, Èkó sì di ọjà ẹrú ńlá kí Gẹ̀ẹ́sì tó yìnbọn fún un ní 1851. Madam Tinúbú tá a fi orúkọ ẹ̀ sọ gbàgede l'Ékòó, ó ṣòwò ẹrú. Arákùnrin yẹn mi orí, ó ní ẹ ṣé tẹ́ ẹ sọ ọ́. Mo rò pé gbèsè la jẹ àwọn èèyàn yìí, ó kéré tán ká má purọ́ fún wọn. Nílé, ohun tí wọ́n kọ́ wa ni pé Mungo Park ló ṣàwárí Odò Ọya, ọ̀rọ̀ tá a tà lára wa, bóyá ló gba ojú ewé kan.

Ti World History ò le tó yẹn, àmọ́ ọ̀nà kan náà ló ń gbà. Ogun tí àwọn bàbá wa ń pè ní ogun Hítílà, ọdún wo ló bẹ̀rẹ̀? Ọ̀pọ̀ ọmọ Amẹ́ríkà ní 7 Dìsẹ́ńbà 1941, ìgbà tí Jàpáánì kọlu Pearl Harbor. Ìwé ní 1 Sẹ̀tẹ́ńbà 1939, ìgbà tí Hítílà kọlu Pólándì. Ọmọ Ṣáínà tá a jọ ń jókòó ní rárá o, 7 Júláì 1937 ni, ìgbà tí Jàpáánì kọlu Ṣáínà, ó ní nígbà tí 1939 fi máa dé, wọ́n ti pa èèyàn bí ilẹ̀ bí ẹní ní Nanjing. Ọmọ Ethiopia kan ní 1935 ni, ọdún tí Mussolini, olórí Ítálì, kó ogun wọ ìlú àwọn tí ẹnikẹ́ni ò dìde. Èmi gbà pẹ̀lú ọmọ Ethiopia yẹn. Tí ayé bá ti dìde ní 1935, bóyá àwọn tó kù ì bá ti bẹ̀rù. (Ti Vietnam náà tún wà, àwọn ọmọ Vietnam pọ̀ ní Houston, 30 Épírì 1975 lọjọ́ tiwọn, ọjọ́ tí Saigon tó jẹ́ olú ìlú South Vietnam ṣubú, ọ̀pọ̀ òbí wọn ṣì ń gbé àsíá yẹ́lò onílà pupa mẹ́ta sójúde, wọ́n sì máa ń béèrè ìdí tí ìwé fi ka àwọn sójà Amẹ́ríkà tó kú tán láì ka àwọn sójà South Vietnam, tí wọ́n pọ̀ jù wọ́n lọ fíìfíì.)

Ẹni tí mo fẹ́ fi kọ pépà tèmi ni Isaac Fadoyebo, ọmọ Emure-Ilé lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ọ̀wọ̀. Ọmọ ọdún 16 ló wọṣẹ́ ológun Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n gbé e dé Bọ́má. Ní Máàṣì 1944, ní àfonífojì Kaladan, àwọn Jàpáánì yìnbọn lu ikọ̀ wọn, ọta bà á lẹ́sẹ̀ àti níkùn, òun àti ọmọ Sierra Leone kan, David Kargbo, ni wọ́n kù nínú igbó. Àgbẹ̀ Mùsùlùmí kan ládùúgbò ibẹ̀, Shuyiman, ló ń gbé oúnjẹ lọ fún wọn, ó gbé wọn pamọ́ sílé ara ẹ̀ nígbà tó yá, bẹ́ẹ̀ tí ọwọ́ Jàpáánì bá tẹ̀ ẹ́, òun àtìyàwó àtọmọ ló máa kú. Oṣù Dìsẹ́ńbà ni sójà Gẹ̀ẹ́sì tó dé. Wo bí ìwé wa ṣe gùn tó, ọmọ ogun West Africa ò sí nínú ẹ̀, ogun yẹn sì kó odindi dífíṣọ̀n méjì láti ọ̀dọ̀ wa, 81 àti 82, tí ọ̀pọ̀ wọn ń fi orí ru ẹrù kọjá òkè níbi tí mọ́tò ò lè dé.

Apá kejì History Amẹ́ríkà tí mo fẹ́ ṣe ní sẹ̀mẹ́sítà tó ń bọ̀ máa bẹ̀rẹ̀ láti 1877, Kossola ṣì lo ọdún 58 sí i láyé lẹ́yìn ìyẹn, 1935 ló kú, gbogbo ọmọ rẹ̀ ti ṣáájú ẹ̀. Mo fẹ́ rí ibi tí wọ́n máa fi í sí. Ṣùgbọ́n pépà Bọ́má ló kàn báyìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹni tí bàbá bàbá ẹ̀ tàbí bàbá ìyá ẹ̀ bá lọ sógun yẹn, ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ níbí fún mi: ìlú wo ló ti lọ, kí ló sọ nígbà tó dé, ṣé wọ́n sanwó fún un. Tó bá ṣẹ́ku fọ́tò tàbí mẹ́dà (àmì ẹ̀yẹ ológun) nílé, ẹ wo ohun tí wọ́n kọ sẹ́yìn ẹ̀ kẹ́ ẹ sọ fún mi.