Ṣé ọ̀bẹ ni ó ń mú kí jẹjẹrẹ tàn ká?

Nínú gbogbo ohun tí mo ń gbọ́ nípa àrùn jẹjẹrẹ, èyí tí ó ń bà mí lẹ́rù jù ni pé ọ̀bẹ kò gbọdọ̀ kan kókó inú ọyàn, nítorí pé bí dókítà bá ti là á báyìí, ńṣe ni yóò tàn ká gbogbo ara. Kì í ṣe pé ẹni tí ó ń sọ bẹ́ẹ̀ ń purọ́. Ó mọ obìnrin tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún, tí kò sì pẹ́ lẹ́yìn rẹ̀ tí ó fi kú. Ohun tí kò rí ni pé kókó náà kò dun obìnrin yìí, kò sì kà á sí, títí àwọn sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ fi gba inú ẹ̀jẹ̀ dé ẹ̀dọ̀, ẹ̀dọ̀fóró tàbí egungun kí ó tó dé ilé ìwòsàn. Ọ̀bẹ kò sí níbẹ̀ nígbà tí àrùn ń tàn. Bí dókítà bá sì gé díẹ̀ lára kókó láti yẹ̀ ẹ́ wò, ọ̀nà tí a fi ń mọ̀ dájú bóyá jẹjẹrẹ ni nìyẹn, nítorí pé èyí tí ó pọ̀ jù nínú kókó ọyàn kì í ṣe jẹjẹrẹ rárá.

Ọ̀rọ̀ àgbo, tí àwọn kan ní ó ń wo jẹjẹrẹ sàn, ta kókó ju èyí lọ. Èmi kò fojú tẹ́ńbẹ́lú ewé, nítorí pé ara ewéko kan láti Madagásíkà ni wọ́n ti rí vincristine, oògùn tí wọ́n fi ń tọ́jú jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọdé. Ṣùgbọ́n wọ́n yọ ọ́ sọ́tọ̀, wọ́n sì mọ ìwọ̀n rẹ̀, nítorí pé bí ó bá pọ̀ jù, ó ń ba iṣan ìmọ̀lára jẹ́. Ta ni ó mọ ìwọ̀n ohun tí ó wà nínú ìgò alágbo? Àwọn tí ó gbà á gbọ́ á ní omi ewúro ti ṣiṣẹ́ lórí sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ nínú àwo ní yàrá ìwádìí. Omi iyọ̀ tí ó bá pọ̀ tó náà lè pa sẹ́ẹ̀lì nínú àwo.

Ní ti jẹjẹrẹ ọrùn ilé ọmọ, kòkòrò àrùn HPV ni ó ń fa èyí tí ó pọ̀ jù lọ, Harald zur Hausen, onímọ̀ ìṣègùn ará Jámánì, sì gba ẹ̀bùn Nobel ní 2008 nítorí àwárí yìí. Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn ọmọbìnrin ọdún 9 sí 14 ní abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ ní oṣù kẹwàá 2023, àwọn òbí kan sì kọ̀ ọ́, wọ́n ní yóò sọ ọmọ wọn di àgàn. Abẹ́rẹ́ náà kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Àrùn tí ó ń dènà gan-an ni ó ń mú kí wọ́n yọ ilé ọmọ, tàbí kí wọ́n fi ìtànṣán tọ́jú ibẹ̀ títí obìnrin kò fi ní lè lóyún mọ́.